ORÚKỌ SÚLÍÁTÙ ÀTI ẸNU JẸ́NÍFÀ

Iyàn kan wà nílẹ̀ láàrin àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ó yẹ kí ìwé wa ti oṣù yìí dá sí. Àwọn àgbà kan tí a bọ̀wọ̀ fún gidigidi ń wí pé eré amóhùnmáwòrán tí à ń pè ní Jenifa's Diary ń ba orúkọ ọmọ Yorùbá jẹ́. Ẹjọ́ tí wọ́n rò ni pé ọmọbìnrin ará oko ni wọ́n fi ṣe ẹlẹ́yà níbẹ̀, pé èdè Òyìnbó tí ó ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ ni gbogbo ayé ń torí rẹ̀ rẹ́rìn-ín, àti pé bí àwọn ẹ̀yà mìíràn bá ń wò ó, wọn yóò máa rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa rí. Wọ́n fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa kọ ìwé láti bu ẹnu àtẹ́ lu eré náà.

A ti gbọ́ ẹjọ́ wọn, a sì ti yẹ̀ ẹ́ wò tinú tẹ̀yìn. Ìwé náà kò lè jáde láti ọwọ́ wa, nítorí pé ẹni tí àwọn àgbà wa rò pé wọ́n ń fi ṣe ẹlẹ́yà kọ́ ni wọ́n ń fi ṣe ẹlẹ́yà.

Nítorí àwọn tí kì í jókòó ti amóhùnmáwòrán, ẹ jẹ́ kí a sọ bí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2008 ni Funke Akíndélé, ẹni tí a bí ní Ìkòròdú, kó ipa pàtàkì nínú sinimá kan tí à ń pè ní Jenifa. Níbẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ pàdé Súlíátù, ọmọbìnrin tí ó ti abúlé Ayétòrò lọ sí yunifásítì, tí ó rí àwọn ọmọbìnrin olówó níbẹ̀, tí ó sì wí lọ́kàn ara rẹ̀ pé orúkọ Súlíátù kò lè gbé òun dé ibi tí àwọn wọ̀nyí dé. Ó bá sọ ara rẹ̀ ní Jẹ́nífà. Ẹkún ni sinimá náà fi parí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rín ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Akíndélé gba ẹ̀yẹ AMAA nítorí rẹ̀ ní ọdún 2009, ẹ̀yẹ òṣèrébìnrin tí ó ta yọ jùlọ. Sinimá kejì tẹ̀lé e ní 2011. Nígbà tí ó di 2015, Jẹ́nífà wọ inú amóhùnmáwòrán: ó wá sí Èkó láti wá ìgbé ayé tí ó sàn, ó ń ṣe irun fún àwọn obìnrin, ó ń bá ọ̀rẹ́ jà, ó ń bá ọ̀rẹ́ rẹ́. Ní 2016 òun àti Folarin Falana, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Falz, tí ó ń ṣe Sege nínú eré náà, gba ẹ̀bùn AMVCA ti òṣèré aláwàdà, ti obìnrin àti ti ọkùnrin. Ní ìparí ọdún 2024, Jẹ́nífà tún padà sí ilé sinimá nínú Everybody Loves Jenifa, owó tí ó sì pa lé ní bílíọ̀nù kan náírà.

Ọdún 16 nìyẹn láti ọjọ́ tí a ti mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwàdà a máa gbó kíákíá ju aṣọ lọ. Èyí tí a gbọ́ lẹ́ẹ̀kan tí a dì mọ́ ìhà, bí a bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀rín ojú lásán ni à ń rín. Bí ó bá ṣe pé Gẹ̀ẹ́sì tí ó fọ́ nìkan ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ Jẹ́nífà, à bá ti gbàgbé rẹ̀ kí ọdún 2010 tó kọjá. Kí ni ó wá pa á mọ́?

Ẹ jẹ́ kí a gbé orúkọ náà yẹ̀ wò ná, nítorí inú orúkọ ni gbogbo rẹ̀ wà. Àwọn tí ó là wá lọ́nà nínú irú iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ wa ń ṣe yìí, orúkọ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1887, William James Davies, tí a bí sí ìdílé Yorùbá ní ilẹ̀ Guyana, ju orúkọ yẹn sílẹ̀, ó di Orishatukeh Faduma. Ní 1894, David Brown Vincent, ẹni tí a bí ní Iléṣà, tí ó jẹ́ oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi, di Mojọlá Agbebi. Ó sì bọ́ aṣọ Òyìnbó kúrò lára, aṣọ ilẹ̀ wa ni ó ń wọ̀ káàkiri, bí ó tilẹ̀ rìn dé ìlú Òyìnbó. Ọ̀nà kan ni àwọn wọ̀nyí gbà lọ. Ọ̀nà kan náà ni Súlíátù gbà bọ̀, ṣùgbọ́n ó kọ ẹ̀yìn sí ibi tí wọ́n kọ ojú sí. Ohun tí wọ́n fi ìrora bọ́ sílẹ̀ ni òun fi ayọ̀ gbé wọ̀.

(Ẹnìkan yóò wí pé Súlíátù pàápàá kì í ṣe ọ̀rọ̀ Yorùbá láti ìpilẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n orúkọ tí bàbá ẹni pe àlùfáà sí, tí a pa àgbò lé lórí, tí ìyá àgbà ti fi ké sí ni láti ẹ̀yìn ilé wá, ti di ti ilé.)

Nísinsìnyí, ẹ kíyèsí bí eré náà ti ń dá ẹ̀rín sílẹ̀. Orúkọ tuntun yìí kò bá ọmọ náà mu. Ó ń fà á sí ìhín, ó ń fà á sí ọ̀hún, bí ẹni tí ó yá bùbá ẹlòmíràn lọ sí òde ìgbéyàwó. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ńlá kan lẹ́nu ẹni tí ó kàwé, ó gbé e, ó sì sọ ọ́ níbi tí kò yẹ kí a sọ ọ́. Ẹ̀rù kò bà á. Ojú kò tì í. Bí wọ́n bá tún un ṣe, ó di ìjà. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ́tí sí i dáadáa, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ní egungun nínú, egungun náà sì jẹ́ Yorùbá. Bí Ayétòrò ti ń to ọ̀rọ̀ ni ó ṣe tò ó. Ọ̀rọ̀ Òyìnbó kàn jẹ́ ẹ̀wù tí ó fi bò ó ni. Nítorí náà, ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá yóò rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá yóò rín in lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ó ń gbọ́ gbólóhùn kejì tí ó fara pamọ́ sábẹ́ ti àkọ́kọ́, ó sì mọ̀ pé bí a bá dá gbólóhùn náà padà sí ilé, ọ̀rọ̀ ọlọgbọ́n ni.

Ẹ tún wo ohun kan. Bí inú bá bí Jẹ́nífà dé góńgó, a ju Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ bí obìnrin tí ó bọ́ bàtà gíga kúrò lẹ́sẹ̀ láti jà. Nígbà tí ó bá ti bọ́ sí inú Yorùbá, kò sí ẹni tí ó lè dá a lóhùn mọ́. Èébú rẹ̀ a mú bí abẹ, ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ a sì rọ ọkàn. Súlíátù ni ó ń sọ̀rọ̀ nígbà náà. Ọ̀làwọ́ ni pẹ̀lú, kò lè wo ọ̀rẹ́ níran nínú ìyà. Bí òǹkọ̀wé eré bá ti fún ènìyàn kan ní ìwà tó báyìí, kò tún ní láti máa wá àwàdà kiri. Ó kàn ní láti gbé ẹni náà sí ibi tí a kò ti retí rẹ̀, ìwà náà yóò sì ṣe ìyókù. Ìdí rẹ̀ nìyí tí eré náà kò fi gbó. À ń padà sọ́dọ̀ rẹ̀ bí a ti ń padà sọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí kan tí a mọ àléébù rẹ̀ dájú.

Ta wá ni wọ́n ń fi ṣe ẹlẹ́yà? Àwa ni. Àwa tí a ń so táì mọ́rùn nínú ooru oṣù kẹta, tí a ń kí ara wa ní Gẹ̀ẹ́sì nínú ìpàdé tí gbogbo wa jẹ́ ọmọ Yorùbá. Jẹ́nífà kò dá Jẹ́nífà ṣe. Àwa ni a kọ́ ọ pé orúkọ Súlíátù kò lè wọ ilé ńlá.

Irú ẹ̀rín yìí ti pẹ́ ní ilẹ̀ wa. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣí ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán WNTV ní Ìbàdàn, tí wọ́n fi ń yangàn pé àwọn ni àkọ́kọ́ ní Áfíríkà. Ibẹ̀ ni Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, ọmọ Iléṣà, tí ó ti ṣe iṣẹ́ wolé-wolé rí, gbé Baba Sàlá àti ẹgbẹ́ Aláwàdà rẹ̀ wá fún wa. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà tó yóò rántí rẹ̀: awò ojú tí ó tóbi ju ojú lọ, táì onílabalábá tí ó fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, àti aago tí ń jí ni lójú oorun tí ó gbé kọ́ ara bí ẹni pé aago ọwọ́ ni. Aṣọ akọ̀wé ni, aṣọ ọ̀làjú, àfi pé ohun gbogbo ti pọ̀ jù níbẹ̀. Ahun paraku sì ni nínú aṣọ náà. Ìwà ahun àti aṣọ ọ̀làjú tí kò bá a mu, àwọn méjèèjì ni ó fi mú wa rẹ́rìn-ín fún ọ̀pọ̀ ọdún. Yorùbá ni ó sì ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó kú ní Iléṣà ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 2018. Títí di òní, àwọn ọmọ tí wọn kò wo eré rẹ̀ rí a máa pe ẹni tí ó bá wọ awò gbàgìdì ní Baba Sàlá. Ẹ wo bí ìlú kan náà ti bí ẹni tí ó bọ́ kóòtù Òyìnbó nítorí ọlá ìran rẹ̀, tí ó sì tún bí ẹni tí ó wọ kóòtù náà ní ìwọ̀kuwọ̀ kí a lè rí ara wa.

Àwọn Òyìnbó pàápàá ní tiwọn. Láti 1990 dé 1995, BBC ṣe eré kan tí à ń pè ní Keeping Up Appearances. Ìyáàfin kan wà níbẹ̀, Hyacinth Bucket ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ pé garawa ni Bucket. Obìnrin náà kò gbà kí ẹnikẹ́ni pe òun ní Garawa láéláé. Ó ní bí àwọn Faransé ti ń pe ìdì òdòdó ni kí a máa pe orúkọ òun. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń se àsè fún àwọn ẹni ńlá, nígbà tí ọkọ àbúrò rẹ̀ wọ síńgílẹ́ẹ̀tì jókòó síwájú amóhùnmáwòrán nínú ilé tálákà, tí ẹ̀rù sì ń bà á kí wọ́n má baà yọ dé lójijì. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ni wọ́n ti wo eré yìí, wọ́n sì ń wò ó síbẹ̀. Òun àti Súlíátù, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ìyàtọ̀ kan ni ó wà. Ìyáàfin Garawa fẹ́ sá kúrò nínú ipò tálákà, ṣùgbọ́n èdè rẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, kò sí ẹni tí ó wí fún un pé kí ó pa á tì. Súlíátù fẹ́ sá kúrò nínú ipò tálákà, wọ́n sì mú un gbà pé èdè ìyá rẹ̀ gan-an ni ipò tálákà náà.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ilé. Ẹnu-ọ̀nà Èkó ni apá ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín. Ní Máìlì 12 ni àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tí ó ti Òkè Ọya wá ti ń já tòmátò, ata àti àlùbọ́sà sílẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó ti Ìkòròdú bọ̀ ti ń wọ inú ìlú. Ní ọdún 2008, ọdún tí sinimá Jenifa jáde gan-an, ni àwọn bọ́ọ̀sì ńlá BRT bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò láti Máìlì 12 lọ sí Èkó. Ẹni tí ó bá dúró ní ibùdókọ̀ Kétu ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan yóò rí Súlíátù tí kò níye. Ọmọbìnrin kan ń bá aláta sọ̀rọ̀, ó ń ná an, ó ń dá àpárá, Yorùbá rẹ̀ dùn bí oyin. Fóònù rẹ̀ dún, ó gbé e sétí, ohùn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí gba ihò imú jáde lójú ẹsẹ̀. Aláta náà á wò ó, á mi orí, á sì máa wọn ata rẹ̀ lọ. Orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ wa, Kòsọ́fẹ́, a máa dún létí wa bí ìgbà tí a bá wí pé kò sí ọ̀fẹ́. Bí ó ti wù kí orúkọ náà ti ṣẹ̀, kò sí ọ̀fẹ́ lóòótọ́ nínú ọ̀rọ̀ èdè. Ọmọbìnrin yẹn ti san owó fún ohùn imú rẹ̀, ohun tí ó fi san án kò sì sí ní ọjà mọ́ bí ó bá fẹ́ rà á padà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa ọmọ ẹgbẹ́ nìyí. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ní Èkó, ọmọ tí ó bá la ẹnu sọ Yorùbá yóò san owó ìtanràn tàbí kí ó kúnlẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2018, Gómìnà Akínwùmí Àḿbọ̀dé fi ọwọ́ sí òfin pé kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó, ti ìjọba àti ti aládàáni, máa kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá. A yọ̀ ní ọjọ́ náà. Òfin náà wà nínú ìwé; ìkúnlẹ̀ náà wà ní ilé-ẹ̀kọ́. Ní 2022 ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà kan jáde pé kí a fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 wọ́n kéde pé wọ́n ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a padà sí. Àwọn ọmọ tí à ń sọ̀rọ̀ wọn yìí ni ó ń bá wa gbé ní Alápẹ́rẹ́, ní Ògùdù, ní Agbóyì.

Ọmọ kan náà tí wọ́n mú kúnlẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, yóò jókòó ti ìyá àgbà níwájú Jẹ́nífà. Àwọn méjèèjì yóò rẹ́rìn-ín. Ọmọ rẹ́rìn-ín sí Gẹ̀ẹ́sì tí ó fọ́, nítorí ó ti kọ́ èyí tí ó dára. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín sí gbólóhùn tí ó wà lábẹ́. Ọmọ á bi í pé, ‘Mọ́mì àgbà, kí ni ẹ gbọ́ tí ẹ fi ń rẹ́rìn-ín tó báyìí?’ Ìyá àgbà á ṣe àlàyé. A kò mọ yàrá ìkàwé mìíràn ní Kétu lónìí tí ọmọ ti ń bẹ̀bẹ̀ kí a túmọ̀ Yorùbá fún òun. Àwọn àgbà wa tí ó fẹ́ kí a bu ẹnu àtẹ́ lu eré náà, ibẹ̀ ni a fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ wò.

Àwa náà ní ohun tí ó ń dùn wá nínú rẹ̀. Yorùbá ni ó pọ̀ jù nínú sinimá ti 2008; nínú eré amóhùnmáwòrán, Gẹ̀ẹ́sì ti borí, tòun ti Gẹ̀ẹ́sì àdàmọ̀dì. Owó ni ó fà á, nítorí wọ́n fẹ́ kí a lè wò ó láti Èkó dé Nairobi, a kò sì lè bá oníṣòwò jà pé ó wá ọjà. Ṣùgbọ́n bí Yorùbá bá ń dín kù, gbólóhùn abẹ́ náà yóò máa fẹ́lẹ́, ẹ̀rín kejì yóò sì máa kú. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń ṣe eré kéékèèké lórí fóònù ti fi èyí hàn wá: púpọ̀ nínú wọn ti mú èdè fífọ́, wọ́n sì ti gbàgbé ènìyàn. Wọ́n ń pariwo, wọ́n ń gbá ara wọn létí, kò sì sí ẹni tí a lè rántí orúkọ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì.

Ohun kejì ni ti ìpamọ́. Ní ayé àtijọ́ téèpù wọ́n, àwọn ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán a sì máa pa ohun tí ó wà lórí rẹ̀ rẹ́ láti tún un lò. BBC tí ó lówó pàápàá ṣe é: eré wọn Dad's Army tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1968, mẹ́ta ṣì wà nínú rẹ̀ tí a ń wá títí di òní. Púpọ̀ nínú ohun tí Baba Sàlá ṣe ní WNTV ni ará ìlú kò lè rí wò mọ́. Sinimá rẹ̀ Ọ̀run Móoru, ti 1982, àwọn olè ni ó jí i dà tà, gbèsè ni ó sì kù fún un. A kò fẹ́ kí Súlíátù lọ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, a ó kọ ìwé o, ṣùgbọ́n ìwé mìíràn ni. Àwọn tí ó ń ṣe eré náà ni a ó kọ ọ́ sí. A ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún Aiyetoro Town tí wọ́n gbé jáde ní 2019, tí ó mú wa padà sí abúlé náà. A ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí Jẹ́nífà máa lọ sí ilé nígbà gbogbo, kí ó sì lo odindi wákàtí kan níbẹ̀ láìsọ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí gbogbo ènìyàn yóò ti máa pè é ní Súlíátù. A ó ní kí wọ́n máa kọ Yorùbá rẹ̀ sí abẹ́ àwòrán pẹ̀lú àmì ohùn, kí ọmọ tí ó ń wo ó lè kà á. A ó sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ pamọ́ sí yunifásítì kan tí ó bá lè tọ́jú rẹ̀. Ìwé náà ti wà lórí tábìlì akọ̀wé wa. Àwọn àgbà tí ó ní kí a kọ ti àkọ́kọ́ ni a ó kọ́kọ́ gbé e lọ bá, kí wọ́n fi ọwọ́ sí i.